Rédíétọ̀ wo ló tó yàrá wo? Ìfiwéra fún ẹni tó ń tún ilé ṣe ní Ìlú Ọba

Bí ẹ bá wọ ilé ìtajà ohun èlò ilé ní Ìlú Ọba, ohun tí ẹ ó kọ́kọ́ rí lára páálí rédíétọ̀ (irin ara ògiri tí omi gbígbóná láti inú bọ́ílà, ẹ̀rọ tó ń gbé omi gbóná, ń gba inú rẹ̀ kọjá kí yàrá lè móoru) ni iye wáàtì tàbí BTU, ìyẹn ìwọ̀n ooru tó lè mú jáde, tí wọ́n kọ gàdàgbà sí i. (Wáàtì kan jẹ́ BTU 3.41, nítorí náà ẹ má jẹ́ kí iye BTU ńlá bà yín lẹ́rù.) Iye yẹn kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n ó ní ohun tó rọ̀ mọ́. Wọ́n wọ̀n ọ́n nígbà tí omi tó ń wọlé sínú rédíétọ̀ gbóná dé dígírì 75, tí èyí tó ń jáde jẹ́ 65, tí yàrá sì wà ní 20. Àárín 75 àti 65 ni 70. Ẹ yọ 20 kúrò, ó ku 50. Ohun tí wọ́n ń pè ní ΔT50 nìyẹn. Bí omi tiyín kò bá gbóná tó bẹ́ẹ̀, ẹ ò lè rí iye ooru tí wọ́n kọ síbẹ̀ gbà. Ìdí sì wà tí kò fi yẹ kó gbóná tó bẹ́ẹ̀.

Àwa tí a ti Nàìjíríà wá kò ṣàjèjì sí irú ìbéèrè yìí. Ẹni tó bá fẹ́ ra AC ní Èkó, wọn á bi í pé ṣé one horse ni àbí one and half. Ibi tí méjèèjì ti yàtọ̀ ni pé AC tó bá tóbi ju yàrá lọ á kàn máa tan, á máa kú, yàrá á tutù ṣùgbọ́n ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ á ṣì wà ńbẹ̀. Rédíétọ̀ ńlá kò ní wàhálà yẹn, bí ẹ bá ṣáà ti fi TRV sí i, ìyẹn ohun róbótó ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n kọ 1 dé 5 sí lára. Bí yàrá bá ti móoru tó, á dí ọ̀nà omi fúnra rẹ̀. Èyí tó kéré jù ni kò lóògùn. Lójú tèmi, ẹni tó bá wà láàárín ìwọ̀n méjì, kó mú èyí tó tóbi, kó sì dín ìgbóná omi bọ́ílà kù.

Yàrá méjì tí ilẹ̀ wọn dọ́gba

Ẹ jẹ́ ká fi pálọ̀ méjì wéra. Àkọ́kọ́ wà nínú àwọn ilé àtijọ́ tó so mọ́ra lẹ́sẹẹsẹ lójú títì, irú èyí tí wọ́n kọ́ láyé Ọbabìnrin Victoria, tó pọ̀ ní Peckham àti Leyton. Gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 4, fífẹ̀ 3.5, gíga 2.7. Ògiri kan ṣoṣo ló kọjú síta, bíríkì lásán ni, kò ní àlàfo láàárín. Fèrèsé rẹ̀ ní gíláàsì méjì ṣùgbọ́n ó ti pẹ́. Ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ pákó, afẹ́fẹ́ sì ń fẹ́ lábẹ́ rẹ̀. Ìkejì jẹ́ pálọ̀ inú fúláàtì tuntun. Gígùn àti fífẹ̀ rẹ̀ bá ti àkọ́kọ́ dọ́gba, gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 2.4, ẹlòmíràn ń gbé lókè, ẹlòmíràn ń gbé nísàlẹ̀.

A fẹ́ kí inú ilé wà ní dígírì 21 ní ọjọ́ tí ìta bá lọ sí dígírì 3 nísàlẹ̀ òdo. Ìyàtọ̀ rẹ̀ jẹ́ 24. Bíríkì lásán máa ń jẹ́ kí bíi wáàtì 2.1 jò jáde lórí sikuwíà mítà kan fún dígírì kan. Ògiri tó kù lẹ́yìn tí a bá yọ fèrèsé jẹ́ sikuwíà mítà 6.45: ẹ sọ 6.45 di púpọ̀ lọ́nà 2.1, lẹ́yìn náà lọ́nà 24, ó di wáàtì 325. Fèrèsé sikuwíà mítà 3 á gbé bíi 200 lọ. Ilẹ̀ pákó á gbé bíi 235. Afẹ́fẹ́ ló burú jù nínú wọn: bí afẹ́fẹ́ yàrá yìí bá ń pààrọ̀ ní ẹ̀ẹ̀kan àtààbọ̀ ní wákàtí kan, tí èyí kì í sì í ṣe ohun ìyanu nínú ilé àtijọ́ tó ní ibi ìdáná ògiri, wáàtì 450 ni yóò bá a lọ. Àpapọ̀ rẹ̀ lé díẹ̀ ní 1,200.

Ti fúláàtì tuntun ńkọ́? Ògiri rẹ̀ tí wọ́n ti ki ohun tó ń dá ooru dúró sí nínú kò ní ju wáàtì 30 lọ. Fèrèsé rẹ̀ bíi 80, afẹ́fẹ́ bíi 130. Òkè àti ìsàlẹ̀ kò gba nǹkan kan, nítorí àwọn aládùúgbò náà ń dáná tiwọn. Wáàtì 240 péré. Pálọ̀ àtijọ́ yẹn fi ìlọ́po márùn-ún jù ú lọ, bẹ́ẹ̀ káńtà ilé ìtajà tó bá kàn béèrè gígùn, fífẹ̀ àti gíga lọ́wọ́ yín á ta rédíétọ̀ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba fún ẹ̀yin méjèèjì.

Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ka ìṣirò "wáàtì báyìí fún kúbíkì mítà kan" sí nǹkan gidi. Ohun tó yẹ kí ẹ kà ni iye ògiri tó kọjú síta, ohun tó wà lókè àjà, ohun tó wà lábẹ́ ilẹ̀, àti bí fèrèsé ṣe rí. Ẹ wo àwọn ilé méjì-méjì tó fara ti ara wọn, tí wọ́n kọ́ káàkiri ní nǹkan bí ọdún 1930. Yàrá kékeré kan máa ń wà lórí ẹnu ọ̀nà àbáwọlé, mítà 2.5 sí 2.2, ibẹ̀ la máa ń fi ọmọ tó kéré jù sí. Ògiri méjì rẹ̀ ló kọjú síta. Bí àlàfo inú ògiri náà bá ṣófo, wáàtì bíi 520 ni yàrá yẹn á máa fẹ́ kó tó lè wà ní dígírì 18. Yàrá ńlá bàbá àti ìyá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tó ju ìlọ́po méjì rẹ̀ lọ, tó sì jẹ́ pé ògiri kan ṣoṣo ló kọjú síta, kò fẹ́ ju bíi 640 lọ. Ṣùgbọ́n rédíétọ̀ bíńtín ni ẹ ó bá nínú yàrá ọmọ yẹn. Igun ògiri ibẹ̀ ni àmì dúdú ti máa ń kọ́kọ́ hù, ọmọ á wá máa wúkọ́, wọ́n á ní ojú ọjọ́ ni.

K1, P+, K2, K3: kí ni wọ́n fi ju ara wọn lọ?

Ẹ dúró sórí rédíétọ̀ yín, kí ẹ wò ó láti òkè, láàárín irin tó bo orí rẹ̀. Bí páànù kan ṣoṣo bá wà níbẹ̀, tí irin wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ tí wọ́n ká lọ ká bọ̀ sì lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, K1 ni, wọ́n tún ń kọ ọ́ ní 11. Páànù méjì pẹ̀lú irin kíká kan láàárín ni P+, tàbí 21. Páànù méjì pẹ̀lú irin kíká méjì ni K2, tàbí 22. Mẹ́ta-mẹ́ta ni K3, tàbí 33. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ ń sọ iye páànù, èkejì ń sọ iye irin kíká. Irin kíká yẹn ló ń ṣe iṣẹ́ púpọ̀ jù: afẹ́fẹ́ tútù á gba ìsàlẹ̀ wọlé, á gbóná láàárín wọn, á sì gba orí jáde. Bí eruku bá ti dí ibẹ̀, agbára rẹ̀ dín kù nìyẹn.

Mo mú ìwọ̀n kan náà fún gbogbo wọn, gíga mílímítà 600, fífẹ̀ mílímítà 1000. Iye wọ̀nyí máa ń yàtọ̀ díẹ̀ láti ilé iṣẹ́ kan sí òmíràn, nítorí náà "bíi" ni kí ẹ máa kà á sí:

| Irú | Omi gbígbóná gan-an (ΔT50) | Omi tó rọlẹ̀ (ΔT30) | Bó ṣe nípọn tó |
|---|---|---|---|
| K1 (11) | wáàtì 1,000 | wáàtì 510 | sẹ̀ǹtímítà 5 sí 6 |
| P+ (21) | wáàtì 1,350 | wáàtì 700 | sẹ̀ǹtímítà 7 |
| K2 (22) | wáàtì 1,750 | wáàtì 900 | sẹ̀ǹtímítà 10 |
| K3 (33) | wáàtì 2,400 | wáàtì 1,240 | sẹ̀ǹtímítà 16 |

K1 wà fún ibi tóóró, bí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí èèyàn ń fara pa kọjá, àti fún fúláàtì tuntun. P+ kò fi bẹ́ẹ̀ wù mí: ìyàtọ̀ owó òun àti K2 kì í sábà pọ̀, ìyàtọ̀ agbára wọn sì hàn. Àyàfi bí àyè bá ń há yín, K2 ni mo máa ń mú. K3 yọ síta gan-an lára ògiri, ó sì wúwo, pàápàá bí omi bá ti kún inú rẹ̀. Ẹ má gbé e kọ́ sára ògiri oníbọ́ọ̀dù láìwá ibi tí igi inú rẹ̀ wà. Ṣùgbọ́n ní yàrá tí fífẹ̀ ògiri rẹ̀ kò tó nǹkan, òun ló ń yọni.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù fún ẹni tí kò fẹ́ ná owó púpọ̀ ni pé bí ẹ bá yọ K1 tí ẹ sì fi K2 tí gíga àti fífẹ̀ rẹ̀ bá ti àtijọ́ mu sí i, ooru á lé sí i ní bíi ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, láìjẹ́ pé wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ tàbí ògiri. Púlọ́mbà lè ní láti fa páìpù síwájú ní sẹ̀ǹtímítà díẹ̀ nítorí K2 nípọn jù ú lọ. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Àwọn tó rí gọngọ tí wọ́n ń nà lóòró ògiri ńkọ́? Wọ́n dára lójú, wọ́n sì ń gba ibi tí àga àti fèrèsé kò jẹ́ kí èyí tó fẹ̀ gbà, ṣùgbọ́n ẹ ka iye wáàtì wọn dáadáa kí ẹ tó sanwó, nítorí ọ̀pọ̀ wọn wọ́n ju K2 lọ, ooru wọn kò sì tó tirẹ̀. Rédíétọ̀ àtijọ́ tí wọ́n fi irin dídà ṣe máa ń pẹ́ kó tó gbóná, ó sì máa ń pẹ́ kó tó tutù. Ilé tí èèyàn wà látàárọ̀ ṣúlẹ̀ ló yẹ, kì í ṣe ilé àwọn tó ń jáde ní aago méje àárọ̀ tí wọ́n ń wọlé ní aago mẹ́jọ alẹ́.

Omi janjan tàbí omi tó rọlẹ̀

Láti ọdún 2005 ni òfin Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ní kí bọ́ílà gáàsì tuntun jẹ́ condensing boiler, yàtọ̀ sí ibi díẹ̀. Irú bọ́ílà yìí lè gba ooru inú èéfín rẹ̀ padà kó tó tú u síta. Ṣùgbọ́n kò lè ṣe é àyàfi bí omi tó ń padà bọ̀ látọ̀dọ̀ rédíétọ̀ bá ti lọ sílẹ̀ tó bíi dígírì 55 tàbí tó tún rọlẹ̀ sí i. Ẹ wá ronú ẹni tó to bọ́ílà rẹ̀ sí dígírì 80, tí omi ń padà ní 65. Ó ra ẹ̀rọ tó dára, ó sì ń lò ó bí ẹ̀rọ ayé àtijọ́. Páìpù róbà tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tó ń ti ara bọ́ílà lọ sí ojú ibi tí omi ìdọ̀tí ń gbà. Bí bọ́ílà bá ti ń jó fún ìgbà díẹ̀ tí omi kò fi bẹ́ẹ̀ kán níbẹ̀, ooru yín ń bá èéfín lọ.

Bí ẹ bá sì sọ ìgbóná omi kalẹ̀, agbára rédíétọ̀ á lọ sílẹ̀. Ẹ padà sí pálọ̀ Peckham wa tó ń fẹ́ bíi wáàtì 1,210. Ní ΔT50, K2 tó fẹ̀ ní mílímítà 700 ti tó o. Bí omi bá ń wọlé ní 55, tó ń jáde ní 45, àárín rẹ̀ jẹ́ 50. Ẹ yọ 21 kúrò, ó ku 29, ká kà á sí ΔT30. Níbẹ̀, K2 tó fẹ̀ ní mílímítà 1400 ni, tàbí K3 tó fẹ̀ ní 1000. Ìlọ́po méjì gbáko. Ti fúláàtì tuntun? K1 tó fẹ̀ ní 500 péré ti tó o, pẹ̀lú omi tó rọlẹ̀ náà.

Ìjọba fúnra rẹ̀ ti gba ọ̀nà yìí. Láti oṣù kẹfà ọdún 2022, bí wọ́n bá ń ṣe ètò ooru tuntun, tàbí tí wọ́n ń pààrọ̀ gbogbo rẹ̀ pátá pẹ̀lú páìpù àti rédíétọ̀, nínú ilé ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dígírì 55 ni kí wọ́n fi ṣe ìṣirò. Ẹni tó bá sì ń gbèrò láti fi heat pump, ẹ̀rọ oníná tó ń fa ooru láti ìta wá sínú ilé, rọ́pò bọ́ílà lọ́jọ́ iwájú (ìjọba ń fi £7,500 ṣèrànwọ́ fún un ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales) kó tètè ra rédíétọ̀ ńlá nísinsìnyí, nítorí omi tó rọlẹ̀ ni heat pump fẹ́ràn.

Ẹ kò ní láti pààrọ̀ gbogbo ilé. Ẹ dúró de ọ̀sẹ̀ tí òtútù bá mú gan-an nínú oṣù kìíní, kí ẹ sọ omi ooru bọ́ílà kalẹ̀ sí 55, kí ẹ ṣí gbogbo TRV sílẹ̀ pátá, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́. Yàrá tó bá móoru tó, rédíétọ̀ rẹ̀ dára bẹ́ẹ̀. Yàrá tí kò bá lè dé ibi tí ẹ fẹ́, òun nìkan ni kí ẹ lọ rajà fún. Mo fẹ́ràn ọ̀nà yìí ju ìṣirò èyíkéyìí lọ, torí ilé yín fúnra rẹ̀ ló ń dáhùn. Ìkìlọ̀ kan wà: bọ́ílà combi, tí kò ní táǹkì, ní bọ́tìnnì ọ̀tọ̀ fún omi ẹ̀rọ àti ọ̀tọ̀ fún ooru, èyí tó ní àwòrán rédíétọ̀ ni ẹ ó yí. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ ní táǹkì omi gbígbóná, omi inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ máa dé dígírì 60 kí kòkòrò Legionella má bàa gbilẹ̀ níbẹ̀, nítorí náà ẹ bá ẹni tó mọ bọ́ílà sọ̀rọ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kàn án.

Yàrá sí yàrá

Dígírì 21 ni wọ́n sábà fi ń ṣe ìṣirò pálọ̀, 18 fún yàrá ìsùn, ọ̀dẹ̀dẹ̀ àti ilé ìdáná, 22 fún balùwẹ̀. Bí ìyá àgbà bá ń bọ̀ wá lo oṣù mẹ́ta lọ́dọ̀ yín láti wá tọ́jú ọmọ tuntun, ẹ gbàgbé 18 yẹn. Yàrá tí màmá á sùn sí, 21 ni kí ẹ fi ṣírò rẹ̀. Màmá tó ń bọ̀ láti Ìbàdàn kò ní fi ooru bá yín ṣeré.

Balùwẹ̀ ni mo ti rí i tí wọ́n ń tan àwọn èèyàn jẹ jù. Wọ́n á ra irin onídídán tí wọ́n ń sá aṣọ ìnura sí, nítorí ó rẹwà. Ọ̀pọ̀ wọn kì í kọjá wáàtì 300 tàbí 400 ní ΔT50, nígbà tí balùwẹ̀ tó ní ògiri méjì síta lè fẹ́ 600. Èyí tí wọ́n kùn ní funfun tàbí dúdú ń mú ooru jáde ju èyí tó ń dán yinrinyinrin lọ, bí ìwọ̀n wọn tilẹ̀ dọ́gba. Aṣọ ìnura tí ẹ wá da bò ó tún ń dín in kù sí i. Bí àyè bá wà, ẹ fi K2 kékeré kan sí abẹ́ fèrèsé, kí irin aṣọ ìnura jẹ́ ti aṣọ ìnura nìkan.

Ilé ìdáná kì í fẹ́ púpọ̀. Sítóòfù, fíríìjì àti ìkòkò ọbẹ̀ ń ṣe ìdajì iṣẹ́ náà, bí ata bá sì ti ń ta lójú, fèrèsé lẹ ó ṣí. Bí kọ́bọ́ọ̀dù bá ti gba gbogbo ògiri, irú rédíétọ̀ kan wà tó ń wọ abẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù, tó ní fáànù nínú. Ó ń pariwo díẹ̀.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni àwọn èèyàn máa ń fojú di. Ilẹ̀kùn iwájú ń ṣí, òtútù ń wọlé, ooru ń gba orí àtẹ̀gùn lọ sókè. Ẹ fún un ní èyí tó lágbára díẹ̀ ju ohun tí ìṣirò sọ lọ. Bí ó bá jẹ́ pé ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni thermostat ilé wà, ìyẹn ohun tó ń pa bọ́ílà bí ibẹ̀ bá ti móoru tó, ẹ má fi TRV sí rédíétọ̀ ibẹ̀: TRV á ti ti omi pa kí thermostat tó mọ̀, bọ́ílà á sì máa jó láìdáwọ́dúró.

Ní ti ibi tí ẹ ó gbé e kọ́ sí, abẹ́ fèrèsé ṣì dára jù bí gíláàsì rẹ̀ bá jẹ́ ẹyọ kan, torí ooru tó ń gòkè á pàdé òtútù tó ń sọ̀ kalẹ̀. Bí fèrèsé bá jẹ́ tuntun, ògiri inú kò burú. Ohun tó burú ni kọ́tíìnì. Àwa Yorùbá fẹ́ràn kọ́tíìnì tó balẹ̀ gbọrọ, tó tún lé díẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì. Bí ẹ bá fà á bo rédíétọ̀ lálẹ́, gíláàsì lẹ ń dáná fún. Ẹ gé e kó dé orí pákó fèrèsé, bó bá tilẹ̀ dùn yín. Àga ńlá tó fẹ̀yìn tì í náà ń ṣe irú iṣẹ́ ibi kan náà.

Bí ilé kì í bá ṣe tiyín

Ẹni tó ń gbé ilé rẹ́ǹtì kò lè pààrọ̀ rédíétọ̀ láìgba àṣẹ lánlọ́ọ̀dù. Ọ̀pọ̀ wa ló wá ń ra rédíétọ̀ oníná tó ní epo nínú, èyí tí ń fi táyà yí kiri. Wáàtì 2,000 rẹ̀ lágbára lóòótọ́, kò sì ní nǹkan ṣe pẹ̀lú ΔT. Ṣùgbọ́n iye iná mànàmáná fún ẹyọ kan jẹ́ bíi ìlọ́po mẹ́rin ti gáàsì. Fún yàrá kan, wákàtí kan kí ọmọ tó sùn, ó bójú mu. Fún gbogbo ilé, ẹ ó kábàámọ̀ nígbà tí bíìlì bá dé. Kí ẹ tó rà á, ẹ fi kọ́kọ́rọ́ rédíétọ̀ ṣí ẹnu kékeré tó wà lókè èyí tó wà nílé, kí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde. Bí òkè rẹ̀ bá tutù tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì gbóná, afẹ́fẹ́ ló ń dí i. Bí ìsàlẹ̀ láàárín bá tutù tí òkè sì gbóná, ìdọ̀tí dúdú ló ti dì síbẹ̀, iṣẹ́ lánlọ́ọ̀dù nìyẹn.

Ní ọjọ́ iṣẹ́

Pípààrọ̀ rédíétọ̀ kò gba ẹni tó ní ìwé Gas Safe, ìwé àṣẹ fún iṣẹ́ gáàsì, àmọ́ ẹnikẹ́ni tó bá máa ṣí inú bọ́ílà gbọ́dọ̀ ní in. Kí púlọ́mbà tó dé, ẹ wọn àlàfo láàárín páìpù méjèèjì, gíga láti ilẹ̀ dé abẹ́ fèrèsé, àti bí páìpù ṣe nípọn tó. Páìpù mílímítà 15 kò ní wàhálà. Bí ó bá jẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, mílímítà 8, ẹ sọ fún un ṣáájú, torí omi tó ń gba inú rẹ̀ lè má tó fún K3 ńlá. Lẹ́yìn tí ó bá gbé tuntun kọ́, kó tún omi pín láàárín gbogbo rédíétọ̀ ilé, nítorí èyí tó tóbi tó sì sún mọ́ bọ́ílà lè máa fa omi mọ́ àwọn tó jìnnà lọ́wọ́. Kó sì da inhibitor, oògùn tí kì í jẹ́ kí irin dógùn-ún, padà sínú omi kó tó gbowó, torí ó ti da ti àtẹ̀yìnwá nù pẹ̀lú omi tó fà jáde.